Ẹ Jẹ́ Kí Olùkọ́ Kọ́kọ́ Tú Àpótí Rọ́bọ́ọ̀tì Kí Ó Tó Dé Iwájú Àwọn Ọmọ

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín tí ẹ kò jẹ́ kí èdè wa parẹ́ lórí ìwé. Olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Abẹ́òkúta, ọdún kẹta sì nìyí tí wọ́n ti fi rọ́bọ́ọ̀tì mẹ́fà sí ìkáwọ́ mi kí n máa fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ JSS 1 àti JSS 2. Ohun tí ó mú mi gbé kálàmù ni pé inú gbogbo ènìyàn ni ó máa ń dùn nígbà tí ẹnì kan bá fi rọ́bọ́ọ̀tì ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ. A ó ya fọ́tò, a ó pàtẹ́wọ́, a ó gbàdúrà fún ẹni tí ó ṣe oore, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pé ọjọ́ mélòó ni yóò gbà á láti tú àwọn àpótí náà, láti ka ohun tí ó wà nínú wọn, láti fi iná sí wọn lára, kí ó sì tò wọ́n lọ́nà tí ọmọ 40 yóò fi lè lò wọ́n láàárín ìṣẹ́jú 40. Iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé òun ni ó ń pinnu bóyá ọmọ yóò rí nǹkan kan kọ́.

Àpótí mẹ́fà tiwa dé ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sì ní kí n fi wọ́n kọ́ni ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e. N kò fẹ́ kí wọ́n rí mi bí ẹni tí kò mọṣẹ́, mo ní ó ti yá. Ọmọ 43 ni ó wà ní kíláàsì lọ́jọ́ náà. Méjì nínú àwọn rọ́bọ́ọ̀tì náà kò tàn rárá, nítorí pé bátìrì wọn ti kú sínú àpótí. Mẹ́rin yòókù tàn, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́ lójú tábúlẹ́ẹ̀tì tí a fi ń darí wọn, torí pé kò sí ẹni tí ó tíì sọ wọ́n lórúkọ. Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé tẹ bọ́tìnnì; èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ kò mira, èyí tí ó wà lórí tábìlì àwọn ẹlòmíràn ni ó sáré dé etí tábìlì, ó já lulẹ̀, táyà rẹ̀ kan sì yọ, ó yí lọ sábẹ́ àga. Gbogbo kíláàsì pariwo. Ọmọ náà dìde dúró, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kọ́ o, èyí tí ó wà lọ́dọ̀ mi ni mo tẹ̀.” Òótọ́ ni ó sọ. Síbẹ̀, títí tí táàmù yẹn fi parí, kò fọwọ́ kan rọ́bọ́ọ̀tì mọ́. Bí a bá ti ń pín wọn, ìwé ni yóò mú, tí yóò máa kọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe sílẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ.

Ó yẹ kí a rántí ohun tí àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní lọ́kàn. Ní 1967 ni Seymour Papert, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n bí sí Pretoria ní 1928, pẹ̀lú Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon, ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ Logo ní Amẹ́ríkà, kí àwọn ọmọdé lè máa fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó lọ síwájú, kí ó yà sọ́tùn-ún, kí ó yà sósì. Ẹ̀rọ kékeré tí ó ń gbọ́ àṣẹ náà tí ó sì ń rìn nílẹ̀, ìjàpá ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n fi jọ àwọn ìjàpá oníná tí Grey Walter ti ṣe ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí 1948 sí 1949. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ mi, inú wọn a sì máa dùn, nítorí pé Ìjàpá inú àlọ́ tiwa kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìjàpá ti Papert kò ní ọgbọ́n kankan ju èyí tí ọmọ bá fún un lọ. Ohun tí Papert ń lé ni pé kí ọmọ jẹ́ ọ̀gá, kí ẹ̀rọ jẹ́ ẹni tí à ń rán níṣẹ́, kí ọmọ sì rí àṣìṣe ara rẹ̀ lójúkojú kí ó lè tún un ṣe. Nígbà tí rọ́bọ́ọ̀tì kò bá wá ṣe ohun tí ọmọ ní kí ó ṣe nítorí pé iná ti tán lára rẹ̀, tàbí nítorí pé tábúlẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn ni ó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ọmọ kò ní mọ èyí tí ó jẹ́ àṣìṣe tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ń bàjẹ́.

Orúkọ ni mo kọ́kọ́ mójú tó lẹ́yìn ọjọ́ burúkú yẹn. Mo kó gbogbo wọn lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀, mo pa gbogbo wọn, mo wá ń tan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: mo tan ọ̀kan, mo so ó mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pẹ̀lú Bluetooth, mo fún un lórúkọ, mo pa á, kí n tó kan èkejì. Bí ènìyàn bá tan méjì pọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó lórúkọ, yóò pàdánù ìdajì wákàtí kí ó tó mọ èwo ni èwo. Orúkọ tí mo fún wọn ni Aké, Òkè-Ọ̀nà, Gbágùrá, Òwu, Ìbarà àti Ìtòkú. Àwọn ọmọ kò gbàgbé àwọn orúkọ wọ̀nyí rí, nítorí pé ilé bàbá wọn ni, wọ́n sì máa ń du ẹni tí yóò lo Òwu àti ẹni tí yóò lo Gbágùrá. Mo fi téèpù funfun kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sára rọ́bọ́ọ̀tì, sẹ́yìn tábúlẹ́ẹ̀tì, sára ike tí ègé rẹ̀ wà, àti sórí wáyà tí a fi ń fún un níná. Láti ọjọ́ náà, tábúlẹ́ẹ̀tì Ìbarà kò darí rọ́bọ́ọ̀tì Aké mọ́.

Kíkà ni ó tẹ̀lé e. Ẹni tí kò bá tíì tú àpótí irú rọ́bọ́ọ̀tì tí à ń tò pọ̀ rí kò lè mọ bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Nínú àpótí SPIKE Prime kan ṣoṣo, irú rọ́bọ́ọ̀tì kan tí ilé-iṣẹ́ LEGO ṣe, ègé 528 ni ó wà níbẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní mẹ́fà, ègé tí ó lé ní 3,000 ni olùkọ́ kan fẹ́ máa ṣọ́ lọ́wọ́ ọmọ 40 nìyẹn, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì ju hóró àgbàdo lọ. Ìṣó kékeré kan tí ó ń mú apá rọ́bọ́ọ̀tì pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ lè bọ́ sínú kòtò ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, kí gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ kan ti tò sì dúró síbẹ̀. Ìyá mi ta àdìrẹ ní Ìtòkú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo sì rí lọ́dọ̀ wọn ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ni ó ti ń parí kí aṣọ tó kan aró: ẹni tí ó ń ṣe oníko yóò ti fi ìko so gbogbo ibi tí ó yẹ kí funfun wà, ẹni tí ó ń ṣe ẹlẹ́kọ yóò ti fi ẹ̀kọ láfún ya tirẹ̀, yóò sì ti dúró kí ó gbẹ. Bí ó bá ti wọ inú ìkòkò aró, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bí mo ṣe ń wo ọ̀rọ̀ ègé rọ́bọ́ọ̀tì nìyẹn. Mo pín wọn sínú ike áísìkirímù tí àwọn òbí kó wá, mo kó àwọn tí ó jọra papọ̀, mo ya fọ́tò ike kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó pé, mo sì lẹ fọ́tò náà mọ́ inú ọmọrí rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 40 bá ku márùn-ún, àwọn ọmọ yóò ṣí ọmọrí, wọn yóò fi ojú wo fọ́tò, wọn yóò fi ojú wo ike, wọn yóò sì mọ ohun tí ó kù. Láàárín ọdún méjì, ègé mọ́kànlá péré ni a tíì pàdánù.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ni ó gùn jù, òun náà sì ni àwọn tí ó ń ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ máa ń gbàgbé jù. Tiwa ń lo irú bátìrì tí a ń fi sí aago ara ògiri, mẹ́fà fún rọ́bọ́ọ̀tì kan, ìyẹn ni pé 36 ni a nílò kí gbogbo wọn tó lè rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá ní kí a máa ra èyí tí à ń lò sọnù, owó náà yóò pa ilé-ẹ̀kọ́ lára, nítorí náà èyí tí à ń fi iná sí padà ni a ń lò. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà tirẹ̀. Fóòtì 1.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé, nígbà tí èyí tí à ń lò sọnù ń gbé 1.5, kò dára kí a pa méjèèjì pọ̀ sínú rọ́bọ́ọ̀tì kan, kò sì dára kí a pa èyí tí ó ti gbó pọ̀ mọ́ tuntun, torí pé èyí tí kò lágbára ni yóò kọ́kọ́ tán, àwọn yòókù yóò sì máa fagbára gba inú rẹ̀ kọjá títí yóò fi bàjẹ́. Mo máa ń so mẹ́fà mẹ́fà pọ̀ pẹ̀lú rọ́bà, mo sì ń kọ orúkọ rọ́bọ́ọ̀tì tí ó ni wọ́n sí i, kí wọ́n lè jọ dàgbà, kí wọ́n sì jọ gbó. Bí ọlidé bá ti dé, mo máa ń yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, nítorí pé bátìrì alílòsọnù tí a bá fi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ máa ń jò, omi rẹ̀ a sì jẹ irin tí ó wà níbẹ̀. Ní ti àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tí bátìrì wọn dà bí ti fóònù, ìyẹn lítíọ́ọ̀mù, ohun tí ó tọ́ ni kí a fi wọ́n pamọ́ pẹ̀lú iná tí ó tó ìdajì, níbi tí ó tutù. Yàrá ìkẹ́rùsí tí páànù bo orí rẹ̀, tí kò ní àjà, kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí wọ́n lo oṣù Kejì sí oṣù Kẹta ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí ó bá mọ oòrùn tí ń ta lára àpáta Olúmọ lásìkò náà yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Iná ìjọba kò ṣeé fi ọkàn tán, nítorí náà bí a bá fẹ́ lo rọ́bọ́ọ̀tì ní ọjọ́ Ẹtì, láti Ọjọ́rú ni a ti ń fi wọ́n síná. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, a ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ó dúró dáadáa kí a tó so ohunkóhun mọ́ ọn, tàbí kí a fi iná gba inú sítẹ́bíláísà kọjá. Mo sọ gbogbo èyí nítorí ohun kan tí mo fi ojú mi rí: ọmọkùnrin kan ṣe ìṣirò pé bí rọ́bọ́ọ̀tì òun bá rìn fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, yóò dúró lórí ìlà. Ní ọjọ́ Ajé, ó dúró lórí ìlà. Ní ọjọ́ Ẹtì, kò dé ìlà. Ọmọ náà pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, ó tún un ṣe, ó tún pa á rẹ́, ó ń rò pé òun kò mọ ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ìṣirò rẹ̀ kò ní àléébù. Iná ni ó ti dín kù lára bátìrì, ìrìn rẹ̀ sì ti falẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ wọn láti máa ka iye ìgbà tí táyà yí dípò ìṣẹ́jú-àáyá. Táyà tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5.6 láti etí kan dé èkejì yóò rin nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 17.6 bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn kò sì yí padà bí bátìrì bá rẹ̀. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni ó fi òwú wọ̀n ọ́n.

Ti àtúnṣe tí àwọn tí ó ṣe rọ́bọ́ọ̀tì máa ń fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò le, kìkì kí a má ṣe é lójú ọmọ. Bí iná bá lọ tàbí dátà tán nígbà tí rọ́bọ́ọ̀tì ń gba àtúnṣe lọ́wọ́, ó lè má tàn mọ́ títí a ó fi tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ ṣe é nílé nígbà ọlidé, kí ó sì pa ètò tí ó máa ń mú kí tábúlẹ́ẹ̀tì gba àtúnṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ àlòkù ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá áàpù rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tí a ń lò lónìí; Mindstorms EV3, rọ́bọ́ọ̀tì LEGO mìíràn, fún àpẹẹrẹ, jáde ní 2013, wọ́n sì ti dáwọ́ títà rẹ̀ dúró láti 2021.

Ilẹ̀ náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Olùkọ́ kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ń fi Bee-Bot kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì kékeré tí ó dà bí kòkòrò oyin ni. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, bí ó bá sì yà, igun 90 ni ó ń yà. Lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí ó ti sán, bí ó bá ti ṣíṣẹ̀ mẹ́ta, ó ti kúrò lójú ọ̀nà. Bánà ńlá tí wọ́n fi ṣe ìkéde ayẹyẹ ìjọ kan ni wọ́n tọrọ, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó funfun sókè, wọ́n fi rúlà àti máákà fa àpótí-àpótí tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 lọ́nà méjèèjì, wọ́n sì ya Kútọ̀, Lafẹ́nwá àti Sápọ́n sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ọlọ́dún méje ń rán oyin lọ sọ́jà. Wọ́n tún kọ́ mi ní ohun kan: Bee-Bot kì í gbàgbé àṣẹ tí ọmọ ìṣáájú fún un, yóò fi tuntun kún un ni, nítorí náà kí olùkọ́ rí i pé bọ́tìnnì tí ń pa àṣẹ rẹ́ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Èmi náà ti gba bánà méjì, mo fi téèpù dúdú àwọn oníná fa ìlà sí ẹ̀yìn wọn fún rọ́bọ́ọ̀tì wa tí ó ní ojú tí ó fi ń mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun. Ojú yẹn gan-an a máa ṣi nǹkan rí bí oòrùn bá gba fèrèsé wọlé, eruku ọyẹ́ náà a sì máa bò ó, ìdí nìyí tí mo fi máa ń nù ún, tí mo sì ń dán an wò ní àkókò gan-an tí a ó lò ó, kì í ṣe ní alẹ́ lábẹ́ gílóòbù.

Olóòtú, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé ìròyìn kò nílò kí n ṣàlàyé púpọ̀. Ìlú wa yìí ni Henry Townsend, ajíhìnrere láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ sí ní 1854, ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá 1859 ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá tó jáde láti Abẹ́òkúta. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀rọ dé ni ìròyìn jáde. Nígbà tí ó jẹ́ pé lẹ́tà òjé ni wọ́n fi ń tẹ̀wé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀ nínú àpótí, ẹni tí ń tò ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ láìwòye, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbólóhùn kan yóò gba odidi ọjọ́.

Àwọn kan nínú ẹlẹgbẹ́ mi sọ pé kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn ṣe gbogbo ètò yìí, nítorí pé ẹni bá ṣe nǹkan ni ó ń mọ̀ ọ́n. Mo gbà pẹ̀lú wọn ní ti kíkà, ní ti kíkó padà sínú ike, àti ní ti kíkọ orúkọ ẹni tí ó fi bátìrì síná sínú ìwé. Iṣẹ́ ọmọ ni ìwọ̀nyí, mo sì ti fi lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n sísọ lórúkọ, àtúnṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti mímọ bóyá rọ́bọ́ọ̀tì kan ti yarọ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, ti olùkọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kì í kó ọmọ wọ mọ́tò kí ó tó wá máa wá ibi tí epo wà.

Ohun tí mò ń bẹ ìjọba, àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, àwọn ìjọ, àti àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun fún kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ ní rọ́bọ́ọ̀tì, ẹ kó o fún olùkọ́ tí yóò lò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ó ya fọ́tò. Ẹ yọ díẹ̀ nínú owó tí ẹ fẹ́ fi ra rọ́bọ́ọ̀tì keje, kí ẹ fi ra ohun tí a fi ń fi iná sí bátìrì, bátìrì àfirọ́pò, dátà, àti kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ó ní àgádágodo. Mẹ́fà tí ó ń rìn sàn fún àwọn ọmọ ju mẹ́wàá tí mẹ́rin nínú rẹ̀ dákẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wọ́n sínú ọ́fíìsì yín bí àwo àlejò, nítorí pé ibẹ̀ ni bátìrì ti ń kú láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ẹ yọ wákàtí méjì lọ́sẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ olùkọ́ tí ó ń bójú tó wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ bí iṣẹ́ gidi. Ní báyìí, àárín òru ni mo ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ tèmi bá ti sùn.

Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ti wà ní JSS 3. Ní táàmù kejì ọdún àkọ́kọ́ yẹn, mo ní kí ó wá bá mi ka ègé Òwu lẹ́yìn ilé-ìwé, àwa méjì péré. Ó kà á tán, ó tan rọ́bọ́ọ̀tì náà, ó wo orúkọ tí ó jáde lójú tábúlẹ́ẹ̀tì fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Mà, ṣé òun nìkan ni yóò gbọ́?” Mo ní òun nìkan ni. Ó tẹ bọ́tìnnì.

A gbọ́ pé àpótí mẹ́rin mìíràn ń bọ̀ wá fún wa ní oṣù Kẹsàn-án. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà wa pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbà wọ́n ní oṣù Kẹjọ, wọ́n sì ti gbà. Mo ti ń kó ike jọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan,
Abẹ́òkúta.